Bí a ṣe ń sọ ara kárafáànù alumíníọ̀mù àtijọ́ dọ̀tun l'Ékòó

Tí èèyàn bá dárúkọ tirélà l'Ékòó, ọkọ̀ gbọọrọ tó ń gbé kọ̀ǹténà bọ̀ láti Àpápá ló máa wá sọ́kàn wa. Ìyẹn kọ́ ni mò ń sọ. Kárafáànù ni mò ń sọ, yàrá kékeré onítáyà tí mọ́tò ń fà lẹ́yìn, tí wọ́n fi páànù alumíníọ̀mù bò láti orí dé ìdí. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, ìgbafẹ́ ni wọ́n ń gbé e lọ. Níhìn-ín, àwọn agbaṣẹ́ṣe ló sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn di ọ́fíìsì sáìtì, kí wọ́n tó pa wọ́n tì sínú koríko. Ní báyìí àwọn olóúnjẹ ń wá wọn rà, torí pé lánlọ́ọ̀dù kò lè fowó kún ṣọ́ọ̀bù tó bá ní táyà.

Àńtí kan tó ń se ìrẹsì ọ̀fadà ní Yàbá ló fa ọ̀kan wá sí yáàdì wa ní Múṣín. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ọ̀gá, ẹ bá mi ṣe é kó dán bíi dígí o, kí èèyàn lè máa fi kun àtíkè."

Mo ní, "Àńtí, á dán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ibi tí omi ń gbà wọlé."

Inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní òun ò rí omi kankan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, kò lè rí i, oṣù kejì la wà.

Dídán ni iṣẹ́ ìkẹyìn. Ẹni tó bá fi í bẹ̀rẹ̀ á tún un ṣe nígbà tó bá wá fẹ́ dí ihò, torí pé gọ́ọ̀mù àti dírììlì á ba gbogbo ohun tó ti dán jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi to iṣẹ́ náà báyìí: ẹ mọ páànù yín, ẹ lé omi jáde, ẹ bọ́ ọ̀dà àtijọ́, ẹ dí ihò, kí ẹ tó wá gbé ẹ̀rọ dídán. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò bá ti ká ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹ má dá a láṣà ní oṣù kẹfà.

Alumíníọ̀mù kì í ṣe irin

Àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ara mọ́tò, irin ló mọ́ wa lọ́wọ́, ibẹ̀ la ti ń ṣìṣe. Alumíníọ̀mù kì í dógùn-ún bí irin. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án báyìí, á bo ara rẹ̀ ní awọ kan tó fẹ́lẹ́ débi pé ojú kò rí i, awọ yẹn ló ń ṣọ́ ọ. Ohun tó bá lè jẹ awọ náà ló lè jẹ alumíníọ̀mù, irú wọn sì pọ̀ l'Ékòó: iyọ̀ tí afẹ́fẹ́ òkun ń gbé wá, sìmẹ́ǹtì, sódà, àti irin tó bá fara tì í níbi tó tutù.

Ẹni tó bá ti fi káún se ewédú nínú ìkòkò alumíníọ̀mù rí ti mọ ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Inú ìkòkò á dú. Tí ẹ bá wá gé ọsàn wẹ́wẹ́ sí omi, tí ẹ gbé e kaná nínú ìkòkò kan náà, dúdú yẹn á ká kúrò. Káún, eérú, sódà àti sìmẹ́ǹtì, ọmọ ìyá ni wọ́n lójú alumíníọ̀mù. Fún ìdí èyí, ẹ má fi ọṣẹ dúdú fọ kárafáànù, eérú wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé sódà tí wọ́n fi ń la gọ́tà sún mọ́ ọn; ó máa ń hó lára páànù, á sì jẹ ẹ́ lójú yín. Àmọ́ ẹ má torí ọ̀rọ̀ ọsàn lọ da ásíìdì bátìrì sí i o. Ọsàn kò lágbára, ìyẹn lágbára ju.

Ti Àńtí yẹn, ara rẹ̀ lápá ọ̀tún kún fún àmì funfun roboto roboto bí ẹ̀tẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé ìdajì. Ọmọ iṣẹ́ mi ní ọ̀dà ló ta sí i. Mo fi èékánná ha ọ̀kan, ó ṣí bí èépá, ihò kéékèèké sì wà lábẹ́ rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ni. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń po kọnkéré ni wọ́n gbé kárafáànù náà sí fún ọdún mélòó kan, gbogbo ìgbà tó bá ta sí i ló ń jẹ ẹ́. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ṣeé mú kó dán, ṣùgbọ́n kò ní jọ̀lọ̀ mọ́ láéláé. Mo sọ fún Àńtí lọ́jọ́ náà gan-an, torí ohun tí oníbàárà bá gbọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ kì í dìjà.

Láti mọ̀ bóyá ọ̀dà aláìláwọ̀, tí àwọn pẹ́ńtà ń pè ní kílíà, ṣì wà lára páànù, ẹ wá kọ̀rọ̀ kan nísàlẹ̀, kí ẹ fi àkísà funfun bu kọ́ńpáàǹdì díẹ̀, ìyẹn ìpara tí a fi ń mú ara mọ́tò dán, kí ẹ fi ra á. Tí àkísà bá dú bí ẹ̀ẹ̀dú, alumíníọ̀mù ìhòòhò ni. Tí kò bá dú, kílíà ṣì wà níbẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ bọ́ ọ kúrò. Mágínẹ́ẹ̀tì tí a fi ń wá bọdì-fílà, ohun tí wọ́n fi ń dí ibi tó tẹ̀ kí wọ́n tó kun ọ̀dà, lára mọ́tò kò wúlò níbí, kì í mú alumíníọ̀mù. Ìka ni kí ẹ fi gbá a. Ibi tó bá dún gbọ̀n-ọ́n bí ìkòkò òfìfo dára, ibi tó bá dún pọ́tọ́, fílà wà lábẹ́ ọ̀dà níbẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ bí páànù yín ṣe nípọn tó pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ kò tó 1mm. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Airstream tí Wally Byam dá sílẹ̀ ní 1931 ló sọ kárafáànù alumíníọ̀mù di gbajúmọ̀. Nígbà tí àwọn mẹ́ta tó lọ sí òṣùpá nínú Apollo 11 dé ní 1969, inú èyí tí wọ́n tún ṣe láti ara Airstream ni wọ́n sé wọn mọ́, nítorí ìbẹ̀rù pé wọ́n lè kó àrùn bọ̀. Páànù irú tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú wà lára àwọn kárafáànù bẹ́ẹ̀. Alclad ni wọ́n ń pè é: àárín rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù àpòpọ̀ tó le, ojú rẹ̀ méjèèjì sì jẹ́ ògidì alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ojú fẹ́lẹ́ yẹn ló ń dán, òun náà ló ń gba àárín lọ́wọ́ ìjẹrà. Ẹni tó bá gbé sáńpépà líle lé e ti há a kúrò, kò sì sí bí yóò ṣe dá a padà. Ti Àńtí kì í ṣe Airstream, ṣùgbọ́n bákan náà la ṣe tọ́jú rẹ̀: sáńpépà kì í ṣe ohun tí a kọ́kọ́ máa ń mú.

Ẹ wá omi

Ẹ wọ inú rẹ̀ kí ẹ fi ẹnu sùkúdíráfà gún pákó ìsàlẹ̀, pàápàá ní igun àti lábẹ́ fèrèsé. Tó bá wọlé bí ẹni gún ẹ̀kọ, pákó ti jẹrà, àfi kí ẹ pa á rọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ẹnì kan wà nínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti ṣọ́ọ̀kì, kí ẹnì kejì mú họ́ọ̀sì níta. Ìsàlẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Kó da omi síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó tó sún sí ojú fèrèsé, kó tó wá gòkè sí òrùlé. Tó bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, omi á ṣàn gba orí gbogbo ihò lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò sì ní mọ èyí tó jẹ̀bi nínú wọn. Omi kì í sábà yọ níbi tó gbà wọlé. Ti Àńtí wọlé lójú iná ẹ̀yìn, ó lọ yọ lẹ́bàá táyà.

Gbogbo ibi tí omi bá yọ, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ẹ wá ya fọ́tò gbogbo iná, ìkọ́, àti férémù fèrèsé kí ẹ tó tú wọn, kí ẹ sì kó sùkúrúù ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀. Mo ti fojú di èyí rí, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń wá ibi tí wáyà iná kan ti wá.

Gọ́ọ̀mù àtijọ́ gbọ́dọ̀ kúrò tán kí ẹ tó fi tuntun sí i. Káàdì báǹkì tó ti kú ló dára jù láti fi ha á, torí ike ni, kì í ya páànù. Ní ti gọ́ọ̀mù tuntun, ẹ ka ara rẹ̀: èyí tí wọ́n kọ polyurethane sí ni kí ẹ rà. Sílíkọ́ọ̀nù olówó pọ́ọ́kú tó ń rùn bíi fíníígà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún ilé ìwẹ̀. Òórùn yẹn, ásíìdì ló ń jáde lára rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, ó sì ń jẹ páànù lábẹ́lẹ̀. Ọ̀dà kì í sì í lẹ̀ mọ́ ibi tí sílíkọ́ọ̀nù bá ti dé. Ẹ mọ̀ pé polyurethane ń lo ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ láti fi gan. Nígbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ẹ fún un ní ọjọ́ kún ọjọ́.

Fífọ̀ àti bíbọ́

Ọṣẹ tí a fi ń fọ abọ́ lásán àti kànrìnkàn rírọ̀ ti tó. Ẹ ti ìsàlẹ̀ fọ̀ ọ́ lọ sókè, kí ẹ wá fi omi ṣàn án láti òkè wá sísàlẹ̀, kí omi ẹlẹ́gbin má baà fa ìlà sí ojú tó gbẹ.

Tí kílíà bá wà, ẹ ra pẹ́ńtì-rìmúfà, oògùn tó ń bọ́ ọ̀dà, lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ọ̀dà mọ́tò, kí ẹ rí i dájú pé wọ́n kọ ọ́ sí ara rẹ̀ pé kì í ṣe alumíníọ̀mù níbi. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni iṣẹ́ yìí, lábẹ́ ibòòji. Tí oòrùn bá ti mú páànù gbóná, rìmúfà á gbẹ kó tó ṣiṣẹ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó dé ìgúnpá, góògù, àti apá gígùn, kí ẹ sì wà níta gbangba, torí ó ń jó ara, èéfín rẹ̀ kò sì dára. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì lẹ̀ ẹ́ nípọn sí ibi tó tó ilẹ̀kùn kan, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó. Tí kílíà bá ti wú bí awọ tí omi gbígbóná jó, ẹ fi ike há a, kí ẹ wá fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́.

Mo rọ̀ yín, ẹ má mú wáyà búrọ́ọ̀ṣì tàbí kànrìnkàn irin sún mọ́ ọn. Kì í ṣe nítorí pé wọ́n ń há a nìkan. Ẹ̀rún irin á kù sínú páànù, ẹ ò ní rí i. Lẹ́yìn òjò méjì, àmì pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ káàkiri bí èèyi.

Ibi tó tẹ̀ àti ibi tó lu

Èmi kì í sábà fọwọ́ kan ibi tó tẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ ṣe ń lu alumíníọ̀mù ló ń le sí i tó sì ń fẹ̀ sí i. Ibi tó tẹ̀ sínú á wá yọ bí ikùn. Fílà kò sì lè bò ó, torí a kò ní kun ọ̀dà lé e. Ẹ fi í sílẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ nìyẹn.

Iná ni ewu tó tóbi jù. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá wa gbé gáàsì sí ilẹ̀kùn alumíníọ̀mù kan kó lè rọ̀ ṣe. Ó ń retí kó pọ́n bí irin. Kò pọ́n rárá. Ó kàn jábọ́ lójijì bí òrí tó rí oòrùn, ihò tó ju àwo ìjẹun lọ ló ṣẹ́ kù. Ní 660°C ni alumíníọ̀mù ń yọ́, kì í sì í pa àwọ̀ dà kó tó yọ́. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà tó ń jó geètì tọ́ ọ wò.

Ihò, àbùlẹ̀ àti rífẹ́ẹ̀tì, ìṣó kékeré tó ń so páànù méjì pọ̀, ni a fi ń dí i. Ẹ ra páànù alumíníọ̀mù tó nípọn bákan náà. Ọjà Odúnadé ní Òrílé ni mo ti ń rà á. Ẹ gé àbùlẹ̀ náà kí igun rẹ̀ rí róbóróbó, igun mímú ni ó ń kọ́kọ́ ṣí. Tó bá ṣeé ṣe, kí etí rẹ̀ lókè wọ abẹ́ páànù tó wà lókè rẹ̀, kí etí ìsàlẹ̀ gun orí, bí a ṣe ń to páànù òrùlé, kí omi lè máa ṣàn kọjá. Fún rífẹ́ẹ̀tì 3.2mm, ẹ lu ihò 3.3mm, kí ihò máa jìnnà sí ara wọn ní nǹkan bíi 25mm, kó má sì sún mọ́ etí ju 7mm lọ. Ẹ há ẹnu ihò kó jọ̀lọ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn àbùlẹ̀, ẹ sì ti ẹnu rífẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan bọ gọ́ọ̀mù kí ẹ tó yìn ín. Mágínẹ́ẹ̀tì tí mo lé lọ níṣàájú, ẹ pè é padà: ẹ fi wo pín-ìnnì àárín rífẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sanwó. Tó bá fà á, irin ni pín-ìnnì náà, orí rẹ̀ á kù sínú lẹ́yìn tó bá já, á sì dógùn-ún.

Gbogbo ibi tí irin ti pàdé alumíníọ̀mù, kí nǹkan wà láàárín wọn. Bí ìrì tàbí omi iyọ̀ bá wọ àárín àwọn méjèèjì, alumíníọ̀mù ló ń kú fún irin. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ìyẹ̀fun funfun tí ẹ ń rí yí orí sùkúrúù irin ká. Ẹ kun irin náà, ẹ fi wọ́ṣà ike sí i, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù sí ihò.

Dídán

Ibí yìí ni gbogbo èèyàn fẹ́ dé. Ẹ̀rọ tí àwọn pẹ́ńtà fi ń ra kọ́ńpáàǹdì mọ́tò ni kí ẹ lò, èyí tó ṣeé dín eré rẹ̀ kù, kó máa yí láàárín ẹgbẹ̀rún kan sí ẹgbẹ̀rún méjì ní ìṣẹ́jú kan. Fáílìn-maṣíìnì tí wẹ́dà ń lò ń yí tó ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá. Ó máa jó páànù kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹ fi ìpele mẹ́ta sí i: kọ́ńpáàǹdì líle, ti àárín, àti èyí tó lọ kúnná jù. Kọ̀ọ̀kan ní páàdì tirẹ̀, onírun àgùntàn fún méjì àkọ́kọ́. Páàdì tó bá ti fọwọ́ kan èyí tó le, ẹ má mú un sún mọ́ èyí tó kúnná láé.

Ibi tó fẹ̀ tó 60cm níbùú àti lóròó ni ká máa ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kán kọ́ńpáàǹdì sí i bí ẹ̀wà mẹ́rin, ẹ fi páàdì tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ara yín ló máa gbà á. Á kọ́kọ́ dú. Á dú débi pé ẹ ó rò pé ẹ ti bà á jẹ́. Ẹ má dúró, ẹ máa lọ kí ẹ máa bọ̀ jẹ́jẹ́, títí dúdú náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́lẹ́ bí èéfín tó ń ká, tí ẹ ó sì déédéé rí ojú ara yín níbẹ̀. Ohun dúdú tó kù lẹ́bàá rífẹ́ẹ̀tì ń lẹ̀ bí ọ̀dà. Ẹ bu fúláwà díẹ̀ sí àkísà, kí ẹ fi nù ún, á gbé gbogbo rẹ̀ kúrò. Ọmọ iṣẹ́ mi rò pé mò ń ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí mo rán an ní fúláwà lọ́dọ̀ onípọfùpọ́fù. Orí rífẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, ọwọ́ ni kí ẹ fi ra á.

Ẹ fi ìwé ìròyìn dán an wò. Lẹ́yìn ìpele kejì, tí ẹ bá gbé e síwájú páànù, ẹ ó lè ka àkọlé ńlá, lódì-lódì. Lẹ́yìn ìkẹta, lẹ́tà wẹ́wẹ́ á ṣeé kà. Apá kan ṣoṣo gbà wá ní ọjọ́ mẹ́ta, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀, torí iná kò dúró. Ẹ bo imú yín. Ọ̀sẹ̀ yẹn, dúdú ni mo ń fọ̀n.

Òrùlé, ẹ má dán an. Alumíníọ̀mù tó ń dán ń da ìmọ́lẹ̀ padà lóòótọ́, àmọ́ ooru tó bá gbà, kì í tètè tú u sílẹ̀. Ọ̀dà funfun tí wọ́n ṣe fún òrùlé ló máa ń tutù jù lábẹ́ oòrùn, ó sì ń bo orí rífẹ́ẹ̀tì pọ̀. Ẹni tó ń dáná nínú rẹ̀ á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ìtọ́jú

Àwọn kan máa ń fín kílíà tuntun lé e. Èmi kì í ṣe é fún ẹni tó bá máa gbé e sí Lẹ́kkí tàbí ibikíbi tó sún mọ́ òkun. Iyọ̀ ń gba etí páànù wọ abẹ́ kílíà, á máa fa ìlà funfun wínníwínní lọ bí ipa ekòló, ẹ ò sì ní lè nù ún àfi kí ẹ bọ́ gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ fi í sílẹ̀ níhòòhò, ẹ fi ìda tí wọ́n fi ń pa mọ́tò pa á lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, kí ẹ sì fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án déédéé: lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ létí òkun, lóṣooṣù ní Yàbá. Nígbà ọyẹ́, ẹ má fi àkísà gbígbẹ nù ún, eruku yẹn, iyanrìn ni. Epo tó bá ta sí i lára, kó má sùn síbẹ̀. Ní oṣù kẹta, kí òjò tó dé, ẹ gun àkàbà kí ẹ wo gbogbo ojú gọ́ọ̀mù, kí ẹ sì tún èyí tó bá ti là ṣe.

Àńtí gbé tirẹ̀ lọ ní oṣù kẹrin. Ọ̀sẹ̀ kejì ló pè mí: ọmọbìnrin tó ń bá a fọ abọ́ ti fi kànrìnkàn irin ìfọ̀kòkò fọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó fẹ́ kó mọ́ sí i. A tún ibẹ̀ dán láti ìpele kejì. Tí ẹ bá ra ọ̀fadà lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ẹ sì tẹ orí yín díẹ̀ sí apá òsì, ẹ ṣì máa rí ibẹ̀.